Mo Jẹ́ Kí Ọba Jáde Láìwọ Bàtà

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń parí ilé-ìwé, tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí oòrùn kò ti ní pa yín, ẹ súnmọ́ mi. Ẹ ní kí n sọ ohun tí ojú mi rí nídìí iṣẹ́ akọ̀wé. Ẹ ti gbọ́ pé mo máa ń purọ́. Òótọ́ ni. Ìyàwó mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, máa ń sọ pé bí mo bá ní òjò ń bọ̀, kí àwọn ará ilé sá aṣọ síta. Nítorí náà, ibi tí ẹ bá ti rẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ yọ ìdajì rẹ̀ dànù. Ṣùgbọ́n ibi tí mo bá ti ní ẹ̀rù bà mí, ẹ má yọ nǹkan kan níbẹ̀. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí gan-an, ọkàn mi kò tíì balẹ̀.

Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Mo fẹsẹ̀ kan wọ ilé-ìwé Módà, ni èmi àti olùkọ́ kan ò bá rẹ́ mọ́. Bàbá mi, àgbẹ̀ tó ń bọ Ògún, mú mi lọ sí Ìjerò lọ́dọ̀ Ọ̀gá Fálàdé, tó ń fi ẹ̀rọ tẹ lẹ́tà fún gbogbo ayé. Bàbá mi wo ẹ̀rọ náà títí.

"Irin ni?"

"Irin ni, Bàbá," ni Ọ̀gá dáhùn.

"Kí ni ẹ fi ń bọ ọ́?"

"Epo la máa ń fún un."

Epo ẹ̀rọ ni Ọ̀gá ń wí. Lọ́jọ́ kejì, bàbá mi dé pẹ̀lú ìgò epo pupa àti iṣu sísun, ó sì da epo náà sínú ẹ̀rọ kí ẹnikẹ́ni tó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Oṣù mẹ́ta gbáko ni lẹ́tà "a" kò fi dìde níbi tó sùn sí. Gbogbo ìwé tó kúrò ní Ìjerò lọ sí Arámọkọ nígbà náà, "Rmoko" ló wà lára rẹ̀. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn.

Ọ̀gá Fálàdé kì í nani, kì í sì í pariwo. Ojú ló máa fi wò ẹ́, ìtọ̀ á sì fẹ́ bọ́ lára rẹ. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Bírò ló kó lé mi lọ́wọ́. Àwọn òyìnbó tó ṣe ẹ̀rọ yẹn kò fi àmì Yorùbá kankan sí i, kò sí ti ìsàlẹ̀, kò sí ti òkè. Bí Ọ̀gá bá tẹ ìwé tán, èmi ni mo máa fi bírò to àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, àti sára ẹ̀dà kábọ̀n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá sọ àmì ìsàlẹ̀ ní bàtà, ó sì sọ àmì òkè ní fìlà.

"Ọmọlúàbí kì í jáde láìwọ bàtà, láìdé fìlà," ló máa ń wí. "Ọ̀rọ̀ náà kò gbọdọ̀ jáde bẹ́ẹ̀."

Òfin rẹ̀ kejì ni pé ìwé kankan kò gbọdọ̀ rí òǹtẹ̀ láìjẹ́ pé a kà á sókè sí etí ẹni tó ni ín. Kì í ṣe ká wò ó. Ká kà á sókè. Ó ní ojú máa ń fo ohun tó bá mọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ò lè fò ó.

Nígbà tó wá gbà mí láyè láti tẹ ìwé, bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé ni mo ń tẹ̀ ẹ́. "Uṣẹ́" ni mo ń kọ, "ulé" ni mo ń kọ. Ó pè mí. "Ẹnu la fi ń sọ ulé," ó ní, "ọwọ́ ní láti kọ ilé. Èmi náà, ulé ni mo ti wá." Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Mo gbé tèmi mì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó jẹ́ kí n mọ̀ pé iṣẹ́ yìí léwu. Obìnrin kan wá láti kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ara. Gbogbo ará ilé fẹ́ lọ sí oko ọ̀nà jíjìn, baba wọn arúgbó nìkan ni yóò ṣẹ́ kù, ó sì fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n náà wá bá a gbé. Bọ́ọ̀lù ń lọ lọ́wọ́ ní pápá lọ́jọ́ náà. Mo tẹ ìwé ọ̀hún, n kò wọ bàtà fún un, n kò dé e ní fìlà. Ohun tí mo tẹ̀ ni "Baba nikan lo ku nile." Ló kù ni mo ní lọ́kàn. Ẹ̀yin náà ẹ wo ohun tí ẹni tó wà ní Ara kà.

Ọkọ̀ akẹ́rù kan gbé ẹ̀gbọ́n náà àti gbogbo àna rẹ̀ dé, wọ́n ń sunkún láti òpópónà. Wọ́n bá baba náà níwájú ilé tó ń jẹ àgbàdo.

"Ta ló kú?" ni baba bi wọ́n.

Ẹnìkan nínú àwọn àna ló ní, "Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"Ta ló wí bẹ́ẹ̀?"

"Lẹ́tà ló wí bẹ́ẹ̀."

"Ẹ lọ pe lẹ́tà kó wá sin mí," ni baba wí, ó sì ń jẹ àgbàdo rẹ̀ lọ.

Gbogbo Ìjerò fi ṣẹ̀rín. Ọ̀gá Fálàdé nìkan ni kò fi ṣẹ̀rín. Ó gba bàtà mi, ó gba fìlà mi, ó tì wọ́n mọ́ inú àpótí. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi rìn lórí òkúta Ìjerò láìwọ bàtà. "Bẹ́ẹ̀ lo ṣe rán ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ síta," ó ní. "Lọ mọ bó ṣe rí." Lọ́jọ́ keje ló sọ ohun kan tí n kò gbàgbé: "Ìwọ ọmọ yìí, iṣẹ́ wa kì í ṣe ìtẹ̀wé. Ìbẹ̀rù ni iṣẹ́ wa. Àwọn ènìyàn ń gbé ìbẹ̀rù wọn wá fún wa kí wọ́n lè lọ sùn."

N kò ní fi bí mo ṣe dé ọ́fíìsì ìjọba dá yín lágara. Mo débẹ̀, wọ́n gbà mí, wọ́n san owó tí wọ́n rí san. Mo yára débi pé alángbá tó wà lára ògiri fẹ́ fi orí bá ìró ẹ̀rọ mi lọ, ọrùn rẹ̀ sì kán. Lọ́jọ́ kan, mo ru ẹ̀rọ ìtẹ̀wé gun òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè nígbà tí ọkọ̀ kọ̀ láti gùn ún. Nígbà tí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ọrùn mi ti wọ inú àyà lọ, ìyá àgbà kan ló fi ọwọ́ méjèèjì fà á jáde. Ìnkì tí mo ṣan lọ́wọ́ sínú omi gbígbóná Ìkọ̀gòsì, ẹja tí wọ́n pa nísàlẹ̀ odò lọ́sẹ̀ náà, àwọ̀ búlúù ló ní.

Wọ́n kó ẹ̀rọ oníná dé, mo bẹ̀rù pé wọ́n máa lé mi. Wọn ò lé mi. Kọ̀ǹpútà dé, mo tún bẹ̀rù. Mo kọ́ ọ pẹ̀lú ìka méjì, mo sì bá a ṣe é títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa gbogbo àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyẹn: òmùgọ̀ ni wọ́n. Bí mo bá tẹ ìranù, ìranù ló máa jáde, gbogbo ayé á sì rí i pé ìranù ni. Àṣìṣe mi kì í rí aṣọ fi bora. Ìyẹn ló ń gbà wá.

Mo padà sí ìlú mi. N kò ní dárúkọ ìlú náà, nítorí Kábíyèsí, ẹ ó sì mọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú ní ọ́fíìsì kékeré kan, wọ́n ní kí n máa yọjú síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àgbà. Bùnmi, ọmọ ọ̀rẹ́ mi tó ti kú, ni akọ̀wé ibẹ̀. Ó kàwé gboyè. Lọ́dún tó kọjá ló fi ohun tuntun yẹn hàn mí nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ẹ kò ní láti tẹ lẹ́tà mọ́. Ẹ kàn máa sọ ohun tí ẹ fẹ́ ní gbólóhùn kan, òun á sì kọ ojú ewé kan gbáko, pẹ̀lú ìkíni, pẹ̀lú òwe, pẹ̀lú bàtà àti fìlà lára gbogbo ọ̀rọ̀. Èéì-áì ni wọ́n ń pè é. Èmi sọ ọ́ ní Akọ̀wé Àìrí.

"Bàbá, ẹ wò ó," ni Bùnmi wí, "àmì rẹ̀ pé ju tiyín lọ."

"Ta ló ń bẹ̀rù níbẹ̀?" mo bi í.

"Báwo, sà?"

"Bó bá ṣì í kọ, ta ni ara rẹ̀ máa gbọ̀n?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin àti ọ̀rọ̀ yín."

Ká má purọ́, ó dùn mọ́ mi. Ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n, ojú mi ti ń ṣú. Mo máa ń jókòó sílé, mo máa ń fi Wasáàpù ránṣẹ́ sí Bùnmi, Bùnmi á jù ú sí Akọ̀wé Àìrí, lẹ́tà á sì jáde bíi ti adájọ́. N kò sì fi àmì kankan sí ọ̀rọ̀ tí mo ń tẹ̀ lórí fóònù. Mo sọ fún ara mi pé inú ilé ni Wasáàpù. Ta ló ń wọ bàtà nínú ilé?

Kábíyèsí wa ti dàgbà gan-an. Ikọ́ kan sì wà tó máa ń hú láàárọ̀, tí gbogbo àdúgbò ààfin mọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé kan, Kábíyèsí jáde wá wo gbọ̀ngàn ìlú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, omi sì ti já wọlé. Kábíyèsí gbé ojú sókè, ó wo àjà, ó rí ibi tí pákó ti ń jẹrà. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa tó wà lẹ́yìn odi gbọ́, kí wọ́n wá wo ohun tí a fojú rí." Mo yọ fóònù. Ohun tí mo tẹ̀ sí Bùnmi nìyí, kò sí irọ́ níbẹ̀: "Oba wo aja laaro yii. Ko iwe si awon omo wa leyin odi, ki won gbo, ki won wa."

Mo lọ jẹun. Mo sùn díẹ̀.

Aago méjì ọ̀sán ni mo dé ọ́fíìsì. Ẹ̀dà lẹ́tà náà wà nínú fáìlì lórí tábìlì.

"O ti fi ránṣẹ́?"

"Ti ẹ̀ka Ẹ̀fọ̀n nìkan ló lọ, sà. Wọ́n ní ìpàdé ní aago mẹ́rin, mo sì rí ọlọ́kadà. Àwọn yòókù nìyí."

"O kà á?"

"Lẹ́tà mẹ́fà ni mo ṣe láàárọ̀, Bàbá. Mo wo òkè rẹ̀, mo wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó dára."

Mo gbé e, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí kà á sókè, bí Ọ̀gá Fálàdé ṣe kọ́ mi. Ìkíni rẹ̀ gùn, ó dùn. Ó kí àgbà, ó kí èwe, ó kí ará, ó kí ọ̀rẹ́, ó yin ìfẹ́ tí àwọn ọmọ ìlú ní sí ilé. Ìpínrọ̀ kejì tún ń kí wọn. Mo dé ìpínrọ̀ kẹta. Mo fẹ́ máa kà á lọ, ẹnu mi ò gbà. Mo na ìwé náà sí Bùnmi, mo fi ìka tọ́ka síbẹ̀.

Ó kà á. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sílùú òkèèrè, ẹ jẹ́ kí n là á. Ní ilẹ̀ wa, ọba kì í kú. A máa ń sọ pé ó wọ àjà. Ìyẹn gan-an kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni títí àwọn ìjòyè yóò fi sọ ọ́. Ẹni tó bá sọ ọ́ nígbà tí ọba ṣì ń jẹun, a kì í sọ pé ó ṣì sọ. A máa ń sọ pé ó ń pe ikú sí i. Wo àjà ni mo ní lọ́kàn, ọba gbójú sókè ni. Láàárín "wo" àti "wọ," àmì kan tí kò tó ẹyin iná orí ló wà níbẹ̀. Akọ̀wé Àìrí lè rò pé ajá lọba wò, ìyẹn ì bá sàn. Nínú gbogbo ọ̀nà tó wà níwájú rẹ̀, èyí tí a kì í tọ̀ ló tọ̀, ó sì fi òwe àti ẹkún ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ débi pé bí n kò bá mọ̀ pé mo rí Kábíyèsí láàárọ̀, èmi náà ì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí sunkún.

"Bàbá, iṣẹ́ mi ti lọ," ni Bùnmi wí.

"Bó bá jẹ́ iṣẹ́ nìkan ni, a ó jó."

A pe alága ẹ̀ka Ẹ̀fọ̀n. Fóònù rẹ̀ ò lọ. Ká tiẹ̀ ní ó lọ, kí la fẹ́ sọ? Kí ni a fẹ́ sọ lórí fóònù tí ẹlòmíràn ò ní gbọ́? A gun ọ̀kadà kan, èmi láàárín, Bùnmi lẹ́yìn. Ọ̀nà òkè Ẹ̀fọ̀n ń yí, mo sì di ọlọ́kadà mú.

"Bàbá, ẹ̀gbẹ́ mi ni kí ẹ dì mú," ó ní, "ẹ fi ọrùn mi sílẹ̀."

Ilé ìpàdé ti kún nígbà tí a dé. Alága, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ti dúró, ó ti wọ gíláàsì, ìka rẹ̀ wà lára ìwé. Ó ń kà á bí ẹni tó ń pe orúkọ àwọn ọmọ ilé-ìwé láàárọ̀, kò fo ọ̀rọ̀ kan. Mo tẹ́tí. Ìpínrọ̀ kejì ló wà. Ìkíni gígùn tí ẹ̀rọ náà kọ ló gbà wá, n kò ní fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú. Ká ní èmi ni mo kọ ọ́, gbólóhùn méjì ni ì bá jẹ́, gbogbo ilé ì bá sì ti gbọ́ ọ.

N kò lè ní kó dákẹ́. Wọ́n á bi mí pé kí ló dé. Mo di àyà mú, mo sì ṣubú lulẹ̀ gbì.

"Ẹ bu omi sí i lójú," ni ìyá kan wí.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni òmíràn dáhùn. "Bó ṣe ṣubú nìyẹn níbi ìgbéyàwó ọmọ mi nígbà tí ẹran tán."

Ẹ wo ohun tí irọ́ ń fi ènìyàn ṣe. Ọjọ́ tí mo nílò kí wọ́n gbà mí gbọ́, orúkọ mi ti dé ibẹ̀ ṣáájú mi. Mo la ojú kan. Bùnmi ti dé ọ̀dọ̀ alága, ó di etí ìwé náà mú, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, a ṣì í kọ ni." Alága ò jọ̀wọ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ìwé, ó dé ìpínrọ̀ kẹta. Ó ká ìwé náà sí mẹ́rin, ó fi í sápò.

"Ẹ jẹ́ ká sinmi díẹ̀," ó ní. "Ara àgbà yìí ò yá."

Ó mú wa lọ sẹ́yìn ilé.

"Kí ni Kábíyèsí ṣe láàárọ̀ yìí?"

"Wọ́n wo àjà ni," mo ní. "Àjà gbọ̀ngàn. Ó ń jò."

Ó ní kí n fi ohun tí mo tẹ̀ hàn òun. Ó kà á lórí fóònù mi. Ó fún mi ní bírò àti ìwé, ó ní kí n kọ gbólóhùn náà bó ṣe yẹ. Mo kọ "Ọba wo àjà." Ó fi ìka kan lẹ́tà àkọ́kọ́.

"O rí i? Ká ní o wọ bàtà fún 'Ọba' ni, ẹ̀rọ ì bá mọ̀ pé o mọ bàtà í wọ̀, pé 'wo' kò ní bàtà ni. Ọba gan-an lo fi ránṣẹ́ síta láìwọ bàtà, akọ̀wé."

Mo dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo dọ̀bálẹ̀ nítorí àṣìṣe láti ọjọ́ Ọ̀gá Fálàdé.

"N kò rí nǹkan kan," ni alága wí. Ó ya ìwé náà wẹ́wẹ́. "Ṣùgbọ́n àwa mẹ́ta ti kà á. Ẹ máa gbàdúrà fún ikọ́ Kábíyèsí. Bí nǹkan bá ṣe wọ́n lásìkò yìí, tí ọ̀rọ̀ bá jáde, àwọn ará ìlú á ní àwa la pe ikú sí wọn."

Bùnmi ò fi Akọ̀wé Àìrí sílẹ̀, n kò sì ní kó fi í sílẹ̀. Ó ń ka gbogbo ìwé sókè báyìí, kódà ìwé ìdúpẹ́. Bí ẹ bá kọjá níwájú ọ́fíìsì náà, ẹ ó rò pé ó ń wàásù. Ẹ̀yin náà, bí ẹ bá yan iṣẹ́ yìí, ẹ̀rọ á bá yín kọ ọ́, á bá yín tò ó, á tún bá yín kí àna. Kò ní bá yín bẹ̀rù. Ẹ̀yin lẹ ó ṣe ìyẹn.

Èmi ní tèmi, láti ọjọ́ náà, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹ̀bá ògiri ààfin ni mo máa ń lọ. Mo máa ń ṣe bí ẹni tó ń wá ewúrẹ́. N kò ní ewúrẹ́. Mo máa ń dúró títí Kábíyèsí yóò fi húkọ́, ìgbà yẹn ni mo tó lè lọ jẹun. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dúró títí oòrùn fi mú, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo jókòó sílẹ̀. Ni ìránṣẹ́ kan jáde, ó ní Kábíyèsí ń pè mí.

Mo wọlé, mo dọ̀bálẹ̀, n kò gbé orí.

"Akọ̀wé," ni Kábíyèsí wí, "wọ́n ní o máa ń wá ewúrẹ́ lẹ́yìn ògiri mi lójoojúmọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Kábíyèsí."

"O ti rí i?"

"N kò tíì rí i, Kábíyèsí."

Ó húkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo gbé ojú sókè díẹ̀, mo sì rí i tó ń wo òkè ilé.

"Má da ara rẹ láàmú," ó ní. "Mo ṣì ń wo àjà."

Bó ṣe ń sọ "wo" yẹn, ó ká ètè rẹ̀ roboto bí ẹni tó fẹ́ súfèé, ó sì fà á gùn, kí n lè gbọ́ pé kò sí bàtà lábẹ́ rẹ̀.